Ìbò Tí Pettiford Kò Fẹ́

Ọjọ́ Ajé, 18 oṣù Keje

Àpò ìbò méje lónìí nìkan. Ooru Chicago mú débi pé ìwé ìbò ń lẹ̀ mọ́ mi lápá. Èmi àti Lurline, ọmọbìnrin tí a jọ ń ka ìbò, tú mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú — Ìlà-Oòrùn lápá ọ̀tún tábìlì, Ìwọ̀-Oòrùn lápá òsì.

Ọdún kẹfà rèé. Kì í ṣe olówó ẹgbẹ́ ló ń yan àwọn tí yóò gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú ìdíje àwọn àṣàyàn wa, àwa aláwọ̀ dúdú, Ìlà-Oòrùn pẹ̀lú Ìwọ̀-Oòrùn, kì í ṣe olùkọ́ni. Ẹni tó bá ra ìwé ìròyìn wa, tó gé ìwé ìbò kúrò lójú ewé kẹjọ, tó kọ orúkọ sí i, òun ni ọ̀gá. Alágbàfọ̀ ni o, dókítà ni o, ìbò kan náà ni.

Ọ̀kan wá láti Mississippi, omi ìrèké ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ìdí oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ti kọ ìyẹn. Ìyá àgbà kan ní Memphis kọ ọ́ sẹ́yìn tirẹ̀ pé òun ò mọ̀wé, aláàrù ọkọ̀ ojú irin ló ń ka ìròyìn sí òun létí, aláàrù náà ló ń bá òun kọ èyí: "Pettiford ni kí ẹ fi sí bésì kẹta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èmi pẹ̀lú yín."

Pettiford. Pettiford. Pettiford. Bésì kẹta, igun pápá tí bọ́ọ̀lù ti ń fò wá le jù, òun ló ń ṣọ́ ọ. Ọwọ́ mi ti mọ orúkọ yẹn kọ ju orúkọ ọkọ mi olóògbé lọ.

Ìṣẹ́gun, 19

Ẹsẹ̀ mi wú. Kò sí ọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21

Lẹ́tà kan bọ́ sílẹ̀ láàrin ìbò. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń kọ́ wa níṣẹ́ wa ni. Mo wo ìsàlẹ̀ — Lucius Pettiford. Òun gan-an.

Kò gùn. Ó ní kí a má ka ìbò òun. Ó ní ohun tí òun ṣe lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn làwọn èèyàn ń dìbò fún, òun sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n Cato Broadnax, ọmọ ọdún méjìlélógún tó ń jókòó lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn òun nínú ẹgbẹ́ àwọn, sàn ju òun lọ báyìí. Ó ní, "Kì í ṣe pé ó ń bọ̀ wá sàn jù mí lọ. Ó ti sàn jù mí lọ."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti rí ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí àga. Ẹni tó fúnra rẹ̀ dìde nígbà tí ilé ṣì kún, tí wọ́n ṣì ń pàtẹ́wọ́ — mi ò tíì rí i.

Mo gbé e tọ Èéfín lọ. (Ọ̀gá Rucker, olóòtú wa. Èmi ni mo sọ ọ́ ní Èéfín nítorí ìkòkò tábà rẹ̀, kò mọ̀.) Ó kà á, iná ìkòkò rẹ̀ kú, kò sì mọ̀ pé ó ti kú. Ó fa dúrọ́ọ̀ ó fi lẹ́tà sí i. Ó ní, "Odessa, a ò rí lẹ́tà kankan."

Lurline ní, "Àǹtí, ọ̀gá wa yìí, bí Pettiford bá jẹ́ obìnrin, ì bá ti fẹ́ ẹ."

Ẹtì, 22

Mi ò lè gbé e mì. Mo padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́sàn-án. Mo ní, "Ọ̀gá, lẹ́tà yẹn, ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín."

Kò bínú. Ó sọ fún mi nípa ọjọ́ kan ní Pittsburgh, tí Pettiford fi ọwọ́ lásán, láìsí ìbọ̀wọ́, gba bọ́ọ̀lù tó ń fò kọjá etí rẹ̀. Ó ní òun kò rántí ẹni tó borí lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ yẹn nìkan ni òun rántí. Ó wá wò mí. Ó ní, "Àwọn aláwọ̀ funfun ò jẹ́ kí ọkùnrin yẹn fẹsẹ̀ kan pápá wọn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti ń dìde dúró fún un láyé nìyí. Ṣé èmi ni kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo padà sídìí ìbò mi.

Àbámẹ́ta, 30

A ṣírò dé àbọ̀. Pettiford ti kọjá ọ̀kẹ́ kan. Broadnax ló tẹ̀ lé e ní bésì kẹta Ìlà-Oòrùn, ṣùgbọ́n bí àgùntàn ṣe ń tẹ̀ lé ẹṣin.

Ọjọ́rú, 3 oṣù Kẹjọ

Ó wá!

Ẹgbẹ́ wọn ń kọjá lọ sí St. Louis, ló bá bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì wọn. Mo rò pé òmìrán ni. Ọkùnrin kúkurú ni, ó mọ́ tónítóní, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Ó ṣí fìlà fún wa: "Ẹ ǹ lẹ́ o, ẹ̀yin màdáámú tí ẹ ń gbé ẹrù mi kiri." Lurline sáré gbé àga fún un.

Ó wọlé tọ Èéfín lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn lọ sókè. Mo gbọ́ tí Èéfín ń sọ pé, "Kò burú, dúró níbẹ̀ kí wọ́n rí ẹ, ìyẹn nìkan!" Mo gbọ́ tí òun náà fèsì pé, "Èmi kì í ṣe ère, Rucker."

Nígbà tó jáde, ó ní kí n jọ̀ọ́ sin òun dé ìsàlẹ̀. Àtẹ̀gùn wa ṣókùnkùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wá àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan kó tó tẹ̀ ẹ́. Mo dúró. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni Pettiford, ojú yín ńkọ́?"

Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ó ní bọ́ọ̀lù ló bà á lẹ́bàá ojú lóṣù Kẹrin. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ń rí bí ẹni ń wo nǹkan nínú omi wàrà.

"Báwo lẹ ṣe wá ń gbá a látìgbà yẹn?"

"Etí ni. Bí igi ìgbábọ́ọ̀lù bá ti kan bọ́ọ̀lù, mo ti mọ ibi tó ń bọ̀. Èyí tí etí mi ò bá mú, Cato á súfèé fún mi láti orí bẹ́ńṣì. Ẹ̀ẹ̀kan, ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀mejì, òsì." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Àyè mi ni ọmọ yẹn ń wá o. Ó tún wá ń súfèé kí n má bàa ṣubú."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún olùkọ́ni rẹ̀. Ó ní òun yóò sọ fún un tí òun bá fi ìdíje yìí sílẹ̀ fún Cato tán, kí ọmọ náà ti ní orúkọ, kí wọ́n má lọ mú àlejò wá jókòó sí àyè rẹ̀. "Ṣùgbọ́n nínú pápá tí ọ̀kẹ́ méjì èèyàn ti ń pariwo, màdáámú, kí ni mo fẹ́ gbọ́? Bọ́ọ̀lù yẹn le bí òkúta."

Ó ní kí n má sọ fún ẹnì kankan. Òun ò fẹ́ àánú. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ̀jẹ́ ṣe bí bọ́ọ̀lù bá pa èèyàn?

Ẹtì, 5

Mo sọ ọ́. Mo ti ilẹ̀kùn, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Èéfín, títí dórí súfèé.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún. Ó ní, "Súfèé?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àti àná tó wá, kò rí ojú mi." Mo fẹ́ sọ fún un pé ìjẹta ni, mo fi í sílẹ̀.

Ó fa dúrọ́ọ̀. Ó ní a máa tẹ lẹ́tà náà jáde lójú ewé kìn-ín-ní, bó ṣe wà. "Ojú ẹ̀ kò kan ẹnì kankan. Lẹ́tà ẹ̀ kan gbogbo wa."

Mo ti mọ ọkùnrin yìí fún ọdún mẹ́sàn-án. Òní ni mo kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 6

Lẹ́tà ti jáde. Wọ́n ń kà á sókè ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ìsàlẹ̀ ilé wa. Ẹnì kan wí pé, "Àgbà ni." Ó ti parí. Ọlọ́run ṣeun.

Ọjọ́bọ̀, 11

Kò parí o.

Àpò mẹ́rìnlá! Gbogbo ìlú ló fèsì — wọ́n sì dìbò fún Pettiford. Àwọn onígbàjámọ̀ Detroit kọ̀wé pọ̀: "A ti gbọ́ ohun tó wí. A ò bi í." Díákónì kan ní Birmingham: "Ẹni tó lè sọ irú ọ̀rọ̀ yìí lójú ayé, òun gan-an ló yẹ ká yàn." Ìyá kan ní kí a sọ fún Lucius pé kó yé ṣe ìtìjú, kó lọ jẹun dáadáa.

Lurline rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Èéfín jáde sí wa, ó wo òkìtì ìwé. Ó ní, "Mo ti rí olóṣèlú tó ń lé ìbò. Èyí tí ìbò ń lé, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí i nìyí."

Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ń ro bọ́ọ̀lù tó le bí òkúta.

Ẹtì, 12

Ìdìbò ti parí. Kò sí ẹni tó ní tó Pettiford rí láti ọdún mẹ́fà. Broadnax ṣe ipò kejì, nítorí náà yóò wà lórí bẹ́ńṣì. Ẹni tí ìlú yàn ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ eré — òfin wa nìyẹn, àwa la ṣe é.

Èéfín ní kí n pa ìbò dà? Rárá, kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kàn dúró lẹ́bàá tábìlì, ó wo ìka ọwọ́ mi tó di dúdú fún yíǹkì, ó wò mí. Mo ní, "Mo kà á bó ṣe rí, ọ̀gá." Ó ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e fún ẹ."

Wáyà dé lọ́sàn-án: MO Ń BỌ̀. PETTIFORD.

Àìkú, 21

A lọ sí pápá láti ṣọ́ọ̀ṣì tààrà. Fìlà oríṣiríṣi, aṣọ funfun, ẹja díndín nínú bébà, ọkọ̀ ojú irin láti gbogbo Gúúsù. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn, wọ́n tún lé. Àwa la fi ọwọ́ wa ka ìbò gbogbo wọn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo sì ń wò wọ́n pé, ta ni nínú yín ló da omi ìrèké sí tirẹ̀?

Wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Pápá mì. Ó rìn lọ sí bésì kẹta láìyára — mo mọ̀ pé ó ń ka ìṣísẹ̀. Ó dé ibẹ̀, ó bọ́ fìlà, ó tẹrí ba fún apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn àgbà ọkùnrin ń sunkún.

Ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù ti na ọwọ́ sókè. Pettiford gbé ọwọ́ tirẹ̀ náà sókè: ẹ dúró. Ó kọjú sí bẹ́ńṣì, ó pè é. Cato jáde dé orí ìlà ẹfun, kò fẹ́ kọjá. Pettiford lọ bá a, ó gbá a nídìí bí ẹni ń lé ewúrẹ́ wọlé, pápá sì bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lókè wa figbe ta: "Lucius! Ìwọ la yàn!"

Ó gbọ́ ọ. Ó kígbe padà: "Èmi náà ti yàn!" Ó fi Cato sí bésì kẹta, ó lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì.

Ìlà-Oòrùn borí, márùn-ún sí mẹ́rin. Ó ti rẹ̀ mí, ohun tí Cato ṣe di ọ̀la.

Ajé, 22

Pettiford gòkè wá kí ọkọ̀ ojú irin rẹ̀ tó gbéra. Cato dúró sí ìsàlẹ̀ ti ẹrù. Ó jókòó síwájú mi. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún Rucker."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní kó dárí jì mí.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ ọ́. Bí mo bá fẹ́ ẹni tó lè dákẹ́, ẹ̀yin kọ́ ni ǹ bá sọ fún." Ó fa àga sún mọ́ mi. "Ẹ jọ̀ọ́. Lópin eré lánàá. Mo gbọ́ igi. Mo gbọ́ ariwo. Láàrin méjèèjì, kí ni ọmọ yẹn ṣe? Mo bi í léèrè, ó ní òun kàn gbá a mú ni."

Nítorí náà mo sọ fún un. Pé Ìwọ̀-Oòrùn ní ẹni méjì lójú ọ̀nà, tí bọ́ọ̀lù kan bá kọjá, wọ́n ti borí. Pé bọ́ọ̀lù náà gba ẹ̀gbẹ́ ìlà ẹfun, ó ń fò nílẹ̀ bí ọ̀kẹ́rẹ́. Pé Cato da ara rẹ̀ délẹ̀, ó na ìbọ̀wọ́ òsì gba iwájú ara rẹ̀ kọjá, eruku bò ó, a ò rí i mọ́. Pé nígbà tí eruku yà, orí orúnkún ló wà, bọ́ọ̀lù sì ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti la gbogbo pápá já, ó dé bésì kìn-ín-ní ní ìṣísẹ̀ kan ṣáájú ọkùnrin tó ń sáré, ìyẹn ni pé ọkùnrin náà ti jáde nínú eré, eré sì parí.

Ó di ojú méjèèjì. Ó ní, "Orí orúnkún?"

"Orí orúnkún."

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Èéfín ti jáde, ó fara ti ilẹ̀kùn. Pettiford ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo sì rí i tí ọwọ́ òsì rẹ̀ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ mi. Ó dìde. Ó na ọwọ́ gba iwájú ara rẹ̀ kọjá, ó fi orúnkún kan kanlẹ̀ lórí pákó ọ́fíìsì wa, láàrin àpò ìbò tó ṣófo, Lucius Pettiford, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógójì, ó sì ju bọ́ọ̀lù tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Lurline ló fò sókè bíi rẹfirí, ó na àtàǹpàkò sẹ́yìn: "Ó ti jáde! Ó ti jáde!"