Nítorí Eku Inú Omi àti Ìyá Rẹ Kẹ́hìndé

Agbolé Ọlọ́gẹ̀dẹ̀,
Ìdèrè.
Oṣù Kẹsàn-án, 1994.

Mùkáílà ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrọ́jú, mo kí ọ kú àìsí epo ọkọ̀. Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí ojú tó ń wò ọ́ ní rere fọ́, kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ nínú Èkó tó ń gbé èèyàn mì yẹn. Àmín. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá ibì kan jókòó kí o tó kà síwájú. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ìwé yìí, ilé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí mò ń lọ nírọ̀lẹ́ ló so èso, nítorí náà má bá mi wá àmì orí ọ̀rọ̀ tí kò sí.

Nígbà tí o kọ́kọ́ kọ̀wé pé iṣẹ́ rẹ l'Ékòó ni kí o máa fún eku lóúnjẹ, kí o máa yí koríko abẹ́ wọn padà, abẹ́ ìrọ̀rí ni mo fi ìwé náà pamọ́ sí kí ará ilé má bàa rí i. Èwo ni ká rán ọmọ nílé ìwé títí, kó wá lọ máa tẹ́ ibùsùn fún eku? Níbí, bí a bá rí eku, ata la máa ń wá. Àfìgbà tí o ṣàlàyé pé dókítà kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ló ni àwọn eku náà, pé ẹ ó kọ́kọ́ sọ wọ́n di onígbàgbé, ẹ ó wá máa fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gún wọn lórí àti lábẹ́ orúnkún, bóyá iyè wọn á sọ padà, torí àwọn àgbàlagbà tí iyè wọn ń ra. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo ní Ọlọ́run ló rán ọmọ mi sídìí eku, nítorí ìyá rẹ Kẹ́hìndé.

Ìwọ náà rí i nígbà Iléyá, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lo rí. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú tó ti kó wá bá mi gbé ni iyè rẹ̀ ti ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ó ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀ tó níyọ̀. Ó ń bu oúnjẹ ọkọ tó ti wà nínú ilẹ̀ sílẹ̀, bí oúnjẹ bá tutù, á máa bínú pé kí ló ń ṣe lóko di ìsinsìnyí. Bó bá ń kírun, á forí balẹ̀, á gbàgbé pé ó yẹ kóun dìde. Gbogbo ìyẹn, mo fara dà á. Èyí tó dùn mí wọra ni pé kò mọ̀ mí mọ́. Èmi Táyé, tí a jọ sùn nínú ikùn kan ṣoṣo! Ìyá yìí ló ń pè mí, á ní ìyá yìí, ẹ kú àlejò, ṣé wọ́n ti fún yín lóúnjẹ?

Mo mú u lọ bá nọ́ọ̀sì Rosaline n'Ígbó-Ọrà, mo ní kó fún wa lábẹ́rẹ́. Ó bi mí pé irú abẹ́rẹ́ wo. Mo ní èyí tí kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, lórí àti lábẹ́ orúnkún, bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún eku l'Ékòó. Mo ní kó kọ́kọ́ gún èmi, torí èmi ni Kẹ́hìndé rán ṣáájú kí n wá tọ́ ayé wò kí òun tó wá, ohunkóhun tó bá máa kan òun, èmi ló yẹ kí n tọ́ ọ wò, kí ni ti eku nínú ọ̀rọ̀ wa? Nọ́ọ̀sì wò mí títí, ó wá fohùn jẹ́jẹ́ bi Kẹ́hìndé pé ìgbà wo ni nǹkan ti ń ṣe èkejì wọn yìí. Kẹ́hìndé sì dá a lóhùn pé ó ti pẹ́ díẹ̀. Hàà! Èmi! Ara mi gbóná, mo fa ọwọ́ rẹ̀, a gun ọ̀kadà wálé.

Nígbà tí a délé, mo se abẹ́rẹ́ ìránṣọ nínú omi gbígbóná. Mo gún ara mi lábẹ́ orúnkún, kò sóhun tó ṣe mí, mo wá gún Kẹ́hìndé. Ó ké. Kò bá mi jà o, ó kàn ń wò mí ni, ó ń bi mí pé kí ni òun ṣe. Mo sọ abẹ́rẹ́ náà sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì búra pé n kò ní fi ìyẹn dán an wò mọ́ láyé mi.

Ó wá ku omi. Ìwọ lo kọ ọ́ sí mi pé bí ẹ bá gún àwọn eku náà tán, ẹ ó gbé wọn sínú báàfù omi ńlá kan tí ẹ da mílíìkì sí kó má mọ́ gaara, pé òkúta kan wà lábẹ́ omi náà tí ojú kò lè rí, pé eku tí iyè rẹ̀ ra á máa lúwẹ̀ẹ́ kiri, èyí tí iyè rẹ̀ sọ á lọ tààrà, á gun òkúta, á sinmi. Mo kà á, mo tún un kà. Mo ní omi yìí gan-an ni oògùn! Ta ló máa da mílíìkì olówó ńlá sómi lásán? Àwa náà sì ní irú omi bẹ́ẹ̀. O mọ odò ọ̀nà oko baba rẹ, níbi tí a ti ń fọ ègúsí láti ìgbà ọmọge wa. Àwọn òkúta wà lábẹ́ rẹ̀ tí a máa ń tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi dórí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ láàárín odò, ibẹ̀ la máa ń dúró sí pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibẹ̀, á rì.

Inú oṣù Kẹjọ ni, òjò ti dáwọ́ dúró díẹ̀, omi kò ju kókósẹ̀ lọ lórí òkúta. Mo dì í lọ́wọ́ mú lọ. Mùkáílà, bí mo ṣe jọ̀wọ́ rẹ̀ létí omi báyìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wá òkúta. Kò tilẹ̀ wo ilẹ̀. Ó tẹ èkíní, ó tẹ èkejì, ó dé orí èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọ ègúsí tí kò sí. Ó wá yíjú sí mi, ó ní Táyé, kí lo dúró ń wò, gbé apẹ̀rẹ̀ wá jàre. Mo bú sẹ́kún nínú omi.

Láti ọjọ́ náà ni odò ti di iṣẹ́. Bí a bá wà nílé, èmi ni ìyá yìí. Bí a bá ti dé orí òkúta, mo di Táyé. Ìwọ wò ó, ta ló máa rí irú ìyẹn tí kò ní padà lọ lọ́jọ́ kejì? Màmá Zachariah, aládùúgbò wa tó ti ṣe tíṣà rí, kìlọ̀ fún mi. Wọ́n ní ẹni tí kò mọ ewu mọ́ ni mò ń kọ́ lọ́nà odò yìí, kó má lọ kọ́ ọ já. Mo ní kí wọ́n bá mi gbẹ́nu dákẹ́, ṣé wọ́n bí ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ eku l'Ékòó ni? Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ń korò lẹ́nu mi bí ewúro.

Nígbà tó yá, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé apẹ̀rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Inú mi dùn débi pé mo múra lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ n'Ígbó-Ọrà kí n fi tẹlifóònù wọn sọ fún ọ pé oògùn ti jẹ́. Òjò ńlá ti bẹ̀rẹ̀ padà nígbà yẹn, ó rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà. Mo sọ fún Kẹ́hìndé pé kò sí odò lónìí, ó ní kò burú. Mo sì gbà á gbọ́! Ẹni tí kì í rántí pé òun ti jẹun, mo rò pé á rántí pé mo ní kó má lọ. Ọkùnrin ìdí tẹlifóònù ní ọ̀nà kò lọ, mo ní kó sọ fún un pé ìyá Mùkáílà ló fẹ́ kọjá. Mo dúró títí ó fi sú mi. Kò sí ọ̀kadà torí kò sí epo, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà s'Ídèrè. Nígbà tí mo délé, n kò bá Kẹ́hìndé, n kò bá apẹ̀rẹ̀.

Akínladé, tí oko rẹ̀ wà lódìkejì odò, ló rí i. Ó ní òun ké títí ohùn òun fi há, ariwo omi kò jẹ́ kó gbọ́. Ó ní kò ṣìnà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, bí ẹni ń wọ yàrá ara rẹ̀ ló ṣe wọ inú omi, tààrà síbi tí òkúta wà. Òkúta náà wà níbẹ̀, Mùkáílà. Omi ló ti ga ju èèyàn lọ lórí rẹ̀.

A rí i nísàlẹ̀ odò kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ààfáà sì ní ká sin ín lọ́jọ́ náà. Kò sí ọkọ̀ tí a lè fi ránṣẹ́ sí ọ, má bínú sí wa. O mọ̀ pé a kì í ní ìbejì kú, a ó ní ó rìnrìn àjò ni, gbogbo ẹni tó wá kí mi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, èmi náà ń ṣe àmín. Ṣùgbọ́n mo mọ ibi tó lọ, mo sì mọ ẹni tó fọ̀nà hàn án. Ó dùn mí, ọmọ mi. Ó dùn mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Bá mi fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ ránṣẹ́ fún fìdáù, ká lè rí nǹkan se fún àwọn ààfáà àti àwọn tó bá wa gbẹ́lẹ̀. Bí o bá máa ra ìró fún mi, méjì ni kí o rà, torí bí àṣà ti wí nìyẹn, méjì la ó máa rà títí èmi náà yóò fi lọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ìfẹ́ ṣe ẹni rẹ níkà. Alẹ́ rẹ yóò sàn ju òwúrọ̀ lọ. Iyè rẹ kò ní ra, àwọn ọmọ rẹ yóò mọ̀ ọ́, ìwọ náà yóò mọ̀ wọ́n. Àmín, àmín.

Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́. Nínú gbogbo ìwé tí o kọ, o sọ ti eku tó rí òkúta, o kò sọ ti èyí tó wá a wá a tí ó rẹ̀ ẹ́ nínú omi. Ǹjẹ́ ẹnì kan máa ń dúró létí báàfù yẹn? Bí kò bá sí, ìwọ ni kí o dúró, kí o na ọwọ́ sí i, kí o gbé e jáde, ohun yòówù kí dókítà wí. Èsì èyí ni kí o kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, kí owó tó tẹ̀ lé e.

Èmi ni ìyá rẹ,
Táyé Sàrátù.