Okùn Tí Mo So Lórí Bébà Dókítà

Ọjọ́bọ̀, Al-Abidiyah, Mẹ́kà

Mo ti ba iṣẹ́ Dókítà, ọ̀gá mi ní yunifásítì, jẹ́.

Nígbà èwe wọn, wọ́n tẹ́ bébà sórí òkúta àtijọ́ tí àwọn ará Dẹ́nmáàkì gbẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fi èédú ra ojú bébà náà títí àwòrán jagunjagun àti okùn tó lọ́ mọ́ra fi jáde. Òjò ti jẹ òkúta náà tán. Bébà yìí nìkan ló kù.

Wọ́n ní kí n fi íǹkì tọ ilà tó hàn nìkan. Mo rí ibi tí okùn ti já, mo fi íǹkì so ó. Ìyá mi tó ń hun ẹní kì í fi ojú ìhun sílẹ̀.

Dókítà dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. "Ta ló ní kó o parí ẹ̀?"

"Ibẹ̀ ló ń lọ, sà."

"O wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ?"

Ta ni yóò mọ ìyàtọ̀ láàárín ilà òkúta àti tèmi báyìí?

Wọ́n ní kí n lọ jẹun. Ì bá sàn kí wọ́n lé mi.