Ojú Ìwé Ẹsẹ̀ Òsì

Ràfíátù ọmọ mi,

Mo kí yín láti Ìlọrin. Ṣé ẹ̀gẹ́ wa ta dáadáa? Ara mi le, a dúpẹ́.

O ní kí n máa ka Gẹ̀ẹ́sì lójoojúmọ́, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tanke má baà máa fi mí rẹ́rìn-ín nínú kẹ̀kẹ́ tí mo fi ń gbé wọn. Mo ń kà á. Ọ̀rẹ́ mi Láwàl ló ń bá mi wa kẹ̀kẹ́ náà báyìí, nítorí náà àyè wà. Ìwé tí nọ́ọ̀sì kan ní ọsibítù tà fún mi ni mò ń kà, lórí bí èèyàn ṣe ń na ara. ‘Bend’ ni kí o ká orúnkún, ‘lift’ ni kí o gbé e sókè. Ojú ìwé kìíní wà fún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìkejì fún òsì.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ tí mò ń ka ìkejì sókè. Ó ní, “Bàbá, ẹ fo ìyẹn. Kò kàn yín mọ́.”

Mo ní, “Owó ojú ìwé méjèèjì ni mo san.”

Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín.

Kí ìyá rẹ má ṣe wá o, owó mọ́tò ti wọ́n jù. Kó má sì ra bàtà Iléyá fún mi lọ́dún yìí, èyí tí mo ní kò tíì gbó. Bá mi kí i, kí o kí àwọn àbúrò rẹ. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín.

Èmi bàbá rẹ.