Alùpùpù Rẹ Kò Jò Mọ́

Olówó orí mi, fọkàn balẹ̀ níbi tí o wà: alùpùpù rẹ kò jò mọ́!

Mo mọ̀ pé a kì í bẹ̀rẹ̀ ìrántí báyìí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ ka ọdún, kí n sì ròyìn ẹkún. Ọdún mẹ́rin ti kọjá lóòótọ́, a sì ti sunkún tó. Ṣùgbọ́n ìròyìn ayọ̀ kì í mọ bí a ti í tò sẹ́yìn. Níwájú àlejò, "ẹ" ni mo máa ń fún ọ. Bó bá ku àwa méjì, á di "ìwọ". Kí àwọn tó ń ka èyí ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ àwa méjì ni.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó ti yí padà lẹ́yìn rẹ. Òkè ilé tí o fi sílẹ̀ láìní fèrèsé ti parí. Oòrùn àárọ̀ ń bọ́ sórí tábìlì tí mo ti ń kàwé níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù aago rẹ kò tì. Àkọ́bí rẹ obìnrin, ẹni tí o sọ ní Ìyá Sípánà láti ọjọ́ tí ó ti fi ìdí ṣíbí tú àga ìjẹun wa palẹ̀, ni ó jókòó sídìí tábìlì rẹ báyìí, tí ó ń fi awò kékeré rẹ sójú. Nígbà kan, àwọn oníbàárà a yọjú, wọn a ní, "Bàbá dà?" Ní báyìí, "Ìyá Sípánà dà?" ni wọ́n ń wí. Inú rẹ ìbá dùn!

Alùpùpù nìkan ni kò kúrò níbi tí o gbé e sí nínú gáréèjì. Àbúrò rẹ aránṣọ, ẹni tí ẹ̀rù iná ń bà ju ẹ̀rù ikú lọ, fa gbogbo epo inú táǹkì rẹ̀ dànù ní ọ̀sẹ̀ tí a sin ọ́. Gbogbo wa yìn ín, a ní ìwà ọgbọ́n ni. Ó tilẹ̀ rán ẹ̀wù bò ó, ẹ̀wù tó ní àpò! Kí ni alùpùpù fẹ́ fi àpò ṣe?

Bí a ti ṣe alùpùpù náà ni a ṣe orúkọ rẹ. Kí ọkàn Ìyá, ìyá tó bí ọ lọ́mọ, má baà gbọgbẹ́, a dẹ́kun àtimáa dárúkọ rẹ níwájú rẹ̀. Bí ìtàn rẹ kan bá fẹ́ bọ́ lẹ́nu wa nídìí oúnjẹ, a ó gbé e mì. Òun náà kò dárúkọ rẹ níwájú wa. Ìtọ́jú ni a pè é.

Ní ọdún yìí, Ìyá Sípánà ní òun fẹ́ máa gun alùpùpù bàbá òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù. A bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, a fọ̀ ọ́, a da epo sí i. Ha! A kò tíì dé táǹkì náà tán tí epo fi ń dà wálẹ̀ láti ara táàpù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí o máa ń fà kí epo lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ́ńjìnnì. A tì í, ó ń jò. A fà á, ó ń jò. Òórùn epo gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá Ìyá, tó fara ti gáréèjì.

Ìyá jáde tòun ti ọ̀pá. "Ọmọ mi ti lọ," ó ní, "n kò fẹ́ kí iná wá kó ìyókù. Bí maṣíìnì yìí kò bá kúrò nílé yìí, èmi ni n ó kúrò."

Ta ni yóò bá a jiyàn? Òótọ́ ni ó sọ. Àbúrò rẹ wá ọkùnrin kan rí tí ó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, wọ́n sì fi àdéhùn sí ọjọ́ Àbámẹ́ta: bí jíjò náà kò bá dúró, kí ó wá gbé e lọ. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní bàbá ńlá àwọn maṣíìnì nìyí, pé wọn kò ṣe táàpù tí ẹnu rẹ̀ bá a mu mọ́. Òmíràn fi gọ́ọ̀mù dí i. Kí ilẹ̀ tó mọ́, epo ti jẹ gọ́ọ̀mù náà bí ẹni jẹ ṣúgà. Èmi tí n kì í sunkún lójú ọmọ, mo wọ bálùwẹ̀ lọ, mo ṣí omi sílẹ̀ kí wọ́n má baà gbọ́ mi. Àṣé ó tún ku ohun tí ikú yóò gbà!

Ní ọjọ́ Ẹtì, Ìyá Sípánà ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ó ní kí n wá bá òun di tọ́ọ̀ṣì mú. Èmi ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìtàn, mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì! "Màmá," ọmọ rẹ ké, "táàpù ló ń jò o, kì í ṣe imú mi!" Mo yí iná sí ibi tó yẹ.

Ó tú táàpù náà, ó fa ọ̀pá inú rẹ̀ yọ. Kọ́ọ̀kì kékeré kan wà lórí ọ̀pá ọ̀hún, irú èyí tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò. Ó ti súnkì, ó ti gbẹ bí èèpo ọsàn tí a sá sóòrùn. Ihò tí ó yẹ kí ó kún, ṣe ni ó ń mì nínú rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ohùn rẹ ti dé sí mi létí. Ṣé o rántí bí o ti máa ń da epo sínú táǹkì tí epo inú rẹ̀ kò tíì dín sí ìdajì, tí a ó máa fi ọ́ rẹ́rìn-ín? Ìwọ a fọwọ́ gbá táǹkì náà jẹ́jẹ́, ìwọ a ní, "Ẹ má jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ẹ́." Àwàdà ni a pè é. Mo kígbe: "Òùngbẹ ni! Òùngbẹ ló gbẹ ẹ́!" Ìyá Sípánà wò mí bí ẹni pé òórùn epo ti gùn mí. Ṣùgbọ́n bó ti gbọ́ àlàyé ni ó lu itan. Epo ni kọ́ọ̀kì náà ń mu tí ara rẹ̀ fi ń kún. Ọgbọ́n tí a fi fa epo dànù ni ó gbẹ ẹ́.

A se omi nílé ìdáná, a bù ú sínú kọ́ọ̀bù tíì mi tó létí wúrà, a sọ kọ́ọ̀kì náà sí i. Ó mumi, ó mumi, ó wú! Ọmọ rẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa á lára, ó tì í padà, ó há gádígádí. A da epo sí táǹkì, a ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, a tẹ́ bébà funfun sábẹ́ táàpù.

Ìyá ní òun kò gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́. Ó gbé àga síwájú ilẹ̀kùn, ó ń wo bébà náà. Ó pẹ́ díẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó dárúkọ rẹ! Ó ní ní kékeré rẹ, o tú aago ògiri òun palẹ̀, o ní ò ń wá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí i.

"Kí lẹ ń wò mí sí?" ó ní. "Ẹ̀yin lẹ kì í dárúkọ rẹ̀. Mo rò pé ẹ ti gbàgbé ọmọ mi ni."

Olówó orí mi! A ń dákẹ́ nítorí rẹ̀. Òun ń dákẹ́ nítorí wa. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni a ń pa ìtàn rẹ, tí a ń gbà á lẹ́nu ara wa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọkùnrin náà dé tòun ti ọkọ̀ ẹrù. Ìyá fi ọ̀pá rẹ̀ tì, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bébà náà, ó yí i síwá-sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbẹ táútáú. "Ẹ kú ìrìn o," ó sọ fún un, "ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ nìyí." Àbúrò rẹ nu ojú, ó ní ṣé kí òun rán àpò kejì sí ẹ̀wù rẹ̀.

Ọmọ rẹ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Ó wúkọ́, ó rú èéfín, ó ké! Ohùn tí a fi ń mọ̀ pé o ti dé sí ìkóríta, a tún gbọ́ ọ nínú ọgbà wa.

A fẹ́ràn rẹ síbẹ̀. Àárò rẹ ń sọ wá síbẹ̀. Ó ń sọ wá, ṣùgbọ́n a ti ń pín in báyìí, ó sì fúyẹ́. Táǹkì rẹ kò ní gbófo mọ́, orúkọ rẹ kò sì ní wọ́n lẹ́nu wa. Èmi ìyàwó rẹ, Ìyá, Ìyá Sípánà àti àbúrò rẹ, ìlérí tí a ṣe fún ọ nìyí:

A kò ní jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ ọ́.