Wọ́n Ní Ẹ̀yin Lẹ Wà Lẹ́nu Ọmọ Mi

Bàbá mi tí mi ò tíì gbàgbé,

Ẹ kú ìsinmi, bí ìsinmi bá wà níbẹ̀. Babátúndé, ọmọ tí mo bí lẹ́yìn ìsìnkú yín, ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti kà á sí ọmọdé mọ́. Ó ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀. Bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú, bọ́ńbọ̀n ló máa ń kọ́kọ́ tú sílẹ̀ fún un, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fún un ní àdídùn náà, torí Bàbá kì í béèrè nǹkan kí a má fún un.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀, nínú ilé yín ní Gbaffo, ni mò ń fi í sí bí mo bá lọ tajà ní Glazoué. Bí mo bá wà nílé tí mo mú búrọ́ọ̀ṣì, ọmọ á figbe ta, ìyá mi á sì gbà á lọ́wọ́ mi. Ta ni yóò wá fọ ẹnu rẹ̀?

Nígbà tó yá, ẹran ìdí eyín rẹ̀ wú, ó pọ́n bí ata. Bó bá gé iṣu jẹ, ẹ̀jẹ̀ á wà lára iṣu. Ṣé ẹ mọ ohun tí ìyá mi ṣe? Inú rẹ̀ dùn. Ó pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ṣebí ẹnu tiyín náà ṣẹ̀jẹ̀ títí ẹ fi kú? Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń tu itọ́ pupa sẹ́yìn àpáta ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀, tí ẹ ó fi gìgísẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó kí a má baà rí i. Ẹ kì í rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ bo tirẹ̀, ìyá mi ní ẹ̀rí ti pé. Bàbá, òórùn ẹnu ni. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló ń sá fún un.

Inú bí mi sí yín. Kí ló dé tí ẹ ò tọ́jú ara yín? Bí ẹ̀yin bá sì ni ọmọ yìí lóòótọ́, ta ni mò ń kọ̀wé sí?

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eléyín ní Dassa. Obìnrin náà ní kì í ṣe àmì ẹnikẹ́ni. Ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ ìdí eyín, ṣúgà sì ń bọ́ ọ. Ó ha á kúrò. Ó ní kí n máa fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́ láàárọ̀ àti kó tó sùn, kó jẹ́ ọwọ́ àgbà, kí n má sì tìtorí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ dáwọ́ dúró, torí fífọ̀ náà ni yóò dá a dúró. Bọ́ńbọ̀n ojoojúmọ́ gbọ́dọ̀ tán. Mo sọ ti ẹnu yín fún un. Ó ní ká ní ẹ tètè wá ni, tiyín náà ì bá san. Mo sunkún lórí alùpùpù sémíjàn tó gbé wa padà.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí mo ti ń fọ ẹnu ọmọ, ìyá mi dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ẹnu bàbá rẹ lo ń ki ọwọ́ bọ̀ yẹn o.”

“Ẹnu ọmọ mi ni, Ìyá.”

Ó jáde.

Mo pa ọjà tì, mo ń fọ̀ ọ́. Wíwú náà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lánàá, ó jẹ àgbàdo sísun, ẹ̀jẹ̀ kankan ò yọ. Ìyá mi ní kó la ẹnu. Ó wo òkè, ó wo ìsàlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Kò rí yín níbẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tí kò sun nígbà tí ẹ kú, torí oyún wà nínú mi nígbà náà, ó sì gbà pé ẹ ò lọ jìnnà.

Mo gba ẹnu ọmọ mi padà, Bàbá, mo sì sọ ìyá mi di opó.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí inú ṣì ń bí.