Iná Lésà Lórí Ẹsẹ̀ Bàámi

Mùsítúrà ọ̀rẹ́ mi,

"Gún un, Ràlíátù! Àbí ẹsẹ̀ mi ń bà ẹ́ lẹ́rù ni?" Bàámi ló pariwo bẹ́ẹ̀, wọ́n dijú. Mo sì ti fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Wọn ò mọ̀.

Àtọ̀gbẹ ló pa ẹsẹ̀ náà kú. Ọkùnrin kan ní Ìbà ń tan iná pupa tó ń pè ní lésà sí i. Bàámi ní ó ti ń ṣiṣẹ́, pé lọ́la làwọn máa padà wa mọ́tò l'Ókokomaíkò. Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀ pé àwọn tẹ bíréèkì?

Mi ò tiẹ̀ sunkún.

Tí ìyá mi bá bi ẹ́ n'Ísẹ́yìn, sọ pé ara bàbá ti yá. Bá mi kí wọn dáadáa. Inú ṣáláńgá ni màá ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí. Yàtọ̀ sí ìwọ, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.