Àgò Lẹ́nu Ọ̀nà Ilé Àtijọ́

Ìlú Garland, nílé wa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì

Bísí ọmọ mi ti gba yàrá fún wa ní England, nínú ilé ńlá àtijọ́ kan tí wọ́n sọ di hòtẹ́ẹ̀lì. Ó ní nítorí ìyá òun ni, tó gbé àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ kọ́ sára ògiri pálọ̀ wa títí ó fi kú.

Mo bi í pé bí mo bá kágò níbẹ̀, ta ni yóò dáhùn? Àwọn onílé ti kú tán.

"Daddy, receptionist á dá yín lóhùn." Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò yé e.

Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi ńkọ́?

Lọ́sàn-án, mo sùn lọ lórí àga. Mo rí ilé náà, òdòdó funfun bo ògiri rẹ̀, ìkùukùu sì rọra ń kọjá lórí koríko. Mo kágò. Ìyá Bísí ló dáhùn láti inú lọ́hùn-ún: "Bàbá Bísí, ẹ dúró níbẹ̀ ná. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ ni, kò tíì gbẹ."

Mo dúró. Ara mi fúyẹ́ bí ìgbà tí... Mo jí.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Bísí, ó mú fóònù rẹ̀. "Daddy, ṣé kí n cancel ẹ̀ ni?"

Mo ní rárá. Ẹ̀rù ni bí òkú bá pe ènìyàn wọlé. Kò pè mí. Ó ní kí n dúró ná.

A ó lọ. Màá kágò, màá sì wo ilẹ̀ dáadáa kí n tó gbé ẹsẹ̀ wọlé.